Linux Fífúyẹ́ àti Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀: Ọ̀nà Láti Sọ Ẹ̀rọ Àtijọ́ Di Ohun Èlò Ìkọ́ni

Ìfáárà

Ojú títì Liverpool ní Apápá wà lára àwọn ọ̀nà tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí èbúté Èkó, tí wọ́n sì ń gbà padà. Nínú kọ̀ǹtéínà àti nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ń gúnlẹ̀ sí èbúté Apápá àti Tin Can ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a ti lò ní òkè òkun ń gbà wọ Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dé ọjà Alábà àti Ìkẹjà, tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rà wọ́n. Kì í pẹ́ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀. Olówó rẹ̀ yóò sì gbà pé ó ti kú.

Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní òkú kò tíì kú. Ẹrù tí a dì lé wọn lórí ni ó ju agbára wọn lọ. Bí a bá sọ ẹrù náà kalẹ̀, tí a sì fi Linux tí ó fúyẹ́ rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ náà lè sin olùkọ́ fún ọdún díẹ̀ sí i.

Tòkunbọ̀ àti Pàǹtírí Ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti àpò olùkọ́ nìkan. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn kan jáde lórí Èkó. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 500 kọ̀ǹtéínà ẹ̀rọ tí a ti lò ni ó ń wọlé lóṣooṣù, àti pé ohun tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà, lè tó 75% nínú wọn. Lẹ́yìn èyí, Ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà tí ó wà ní Ìbàdàn àti Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016. Àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní 2018, fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ oníná tí a ti lò ni ó ń wọlé lọ́dún. Èyí tí ó sún mọ́ 70% ni ó wọlé nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀, ó kéré tán 19% nínú gbogbo rẹ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́.

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ NESREA sílẹ̀ ní 2007, òfin lórí ẹ̀rọ oníná sì jáde ní 2011. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀rọ tí a jù nù ni ó ń dé orí ààtàn, níbi tí àwọn kan ti ń sun wáyà láti rí bàbà inú rẹ̀. Òjé àti àwọn májèlé mìíràn yóò sì bá èéfín lọ sínú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀. Nítorí náà, ọdún kọ̀ọ̀kan tí kọ̀ǹpútà kan bá tún fi wúlò jẹ́ ọdún kan tí kò ní sí lórí ààtàn.

Ohun tí Ó Ń Sọ Kọ̀ǹpútà Di Arúgbó

Ètò ìṣàkóso ni ètò tí ó ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ. Windows ni èyí tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù lọ. Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú Windows XP ní 2014, ti Windows 7 ní 2020, àti ìtọ́jú gbogbogbòò fún Windows 10 ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 tí ó tẹ̀ lé wọn ń béèrè ó kéré tán 4GB RAM, àyè 64GB, àti ohun èlò ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò ní èyí tí ó kẹ́yìn yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́.

RAM dà bí tábìlì tí olùkọ́ ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Háàdì dísìkì sì dà bí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó kó ìwé sí. Bí tábìlì bá kéré, tí ìwé sì pọ̀, olùkọ́ yóò máa lọ yóò máa bọ̀ láàárín tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí ó ń mú kọ̀ǹpútà falẹ̀ nìyẹn.

Linux àti Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀ tí Ó Fúyẹ́

Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè lò ó, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn láìrú òfin. Ìdí nìyí tí ẹ̀yà rẹ̀ fi pọ̀. Mark Shuttleworth, ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa, dá Ubuntu sílẹ̀ ní 2004; Barry Kauler ní Australia sì gbé Puppy Linux jáde ní 2003.

Bí RAM ẹ̀rọ ṣe tó ni a fi ń yan ẹ̀yà tí ó bá a mu. Ẹ̀rọ tí kò ju 512MB tàbí 1GB lọ lè lo antiX tàbí Puppy. Èyí tí ó ní 2GB sí 4GB lè lo Lubuntu tàbí Linux Mint tí ó ń lo Xfce. Ó yẹ kí a tún mọ̀ bóyá bíìtì 32 tàbí 64 ni ẹ̀rọ náà. Lubuntu àti Linux Mint ti òde òní kò ṣe ti bíìtì 32 mọ́. Debian 13, tí ó jáde ní 2025, náà kò sì ṣeé fi sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́. antiX 23 ṣì ní ti bíìtì 32.

Ìgbésẹ̀ Ìṣe

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ó ṣe pàtàkì:

1. Kí a kọ́kọ́ da gbogbo fáìlì kọ sí orí dísìkì mìíràn, nítorí pé fífi Linux sínú ẹ̀rọ lè pa ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́.
2. Kí a gba ẹ̀yà Linux tí a yàn láti ojú òpó àwọn tí ó ṣe é gan-an, kí a sì fi ètò bíi Rufus kọ ọ́ sórí fíláàṣì 8GB.
3. Kí a pa ẹ̀rọ, kí a ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, kí a tan án, kí a sì yan fíláàṣì náà. F12 ni a sábà máa ń tẹ̀ lórí Dell àti Lenovo, F9 lórí HP.
4. Kí a lo Linux láti orí fíláàṣì ná, láìtíì fi sínú ẹ̀rọ. Kí a dán Wi-Fi, ohùn, kíbọ́ọ̀dù àti ìtẹ̀wé wò.
5. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára, nígbà náà ni kí a tó fi í sínú ẹ̀rọ pátápátá.

Bí owó díẹ̀ bá wà, kí a fi SSD rọ́pò háàdì dísìkì àtijọ́, kí a sì fi kún RAM. Bí bátìrì bá ti wú, kí a yọ ọ́ kíákíá, nítorí pé ó lè gbiná.

Linux àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Yorùbá

LibreOffice ń ṣí ìwé tí a fi Microsoft Word kọ, ó sì tó fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò. GCompris wà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kiwix sì lè gbé Wikipedia, títí kan ti èdè Yorùbá, sínú ẹ̀rọ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ní ti àkọtọ́, kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà lára àwọn tí ó bá Linux wá, lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà. Lẹ́tà tí a bá fi Unicode tẹ̀, bíi ẹ, ọ àti ṣ, kò ní dàrú nígbà tí a bá gbé ìwé náà lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí fún àwọn tí ó ń lo fọ́ǹtì àdáṣe láyé àtijọ́. Fọ́ǹtì DejaVu àti Noto dára fún iṣẹ́ yìí.

Ibi tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Linux kò lè sọ arúgbó di ọ̀dọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì òde òní wúwo; ẹ̀rọ tí RAM rẹ̀ jẹ́ 1GB kò ní lè ṣí ojú ewé púpọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ètò kan wà tí wọn kò ṣe fún ohun mìíràn ju Windows lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dúró lórí irú wọn ní láti wádìí kí ó tó pààrọ̀. Bí pátákó inú ẹ̀rọ bá sì ti jóná, kò sí ètò tí ó lè jí i. Irú èyí ni kí a kó fún àwọn tí ó gba àṣẹ láti tú ẹ̀rọ palẹ̀, dípò kí a dà á sórí ààtàn.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ohun tí ó ń mú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ falẹ̀ ni ètò ìṣàkóso tí ó wúwo jù fún wọn, àti pé Linux fífúyẹ́ lè yanjú èyí láìná owó púpọ̀. Ó yẹ kí kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan fi ìgbésẹ̀ márùn-ún yìí kọ́ àwọn olùkọ́ọ̀ṣẹ́. Kí wọ́n má sì ṣe kó kọ̀ǹpútà kankan dànù kúrò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ láìtíì fi fíláàṣì Linux dán an wò. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Ajégúnlẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí kò ní béèrè ọdún tí wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà. Ohun tí yóò fẹ́ ni kí ó tàn, kí ó sì gba ohun tí ó bá tẹ̀.