ÌDÁNWÒ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀



Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa Yorùbá ń lò fún WAEC àti fún ohun tí Sátánì gbé ka iwájú Jésù ní aginjù: ìdánwò. Bí ti WAEC bá sì ti ń sún mọ́lé, ìkejì náà kì í pẹ́ dé. Ẹnì kan á rọra wá bá ẹ pé "expo" wà nílẹ̀, pé owó díẹ̀ ni, pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Àwọn Kristẹni kan nínú wa á wá máa rò ó pé, "Níwọ̀n ìgbà tó ti wù mí, mo ti dẹ́ṣẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ n kúkú ṣe é." Irọ́ ni o!

Ẹ wo Mátíù orí 4. Jésù gbààwẹ̀ fún 40 ọjọ́, ebi sì ń pa á. Èṣù ní kó sọ òkúta di búrẹ́dì, kó bẹ́ sílẹ̀ láti orí tẹ́ńpìlì, kó forí balẹ̀ fún òun kó lè gba gbogbo ìjọba ayé. Hébérù 4:15 sọ pé a dán an wò ní gbogbo ọ̀nà bíi tiwa, síbẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìdánwò fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀, ṣé a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa Jésù?

Ibo wá ni ẹ̀ṣẹ̀ ń gbà wọlé? Jákọ́bù 1:13-15 là á yé wa pé Ọlọ́run kì í fi ibi dán ẹnikẹ́ni wò. Ìfẹ́ ọkàn tiwa ló ń fà wá, tó ń lóyún, tó ń bí ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí Jákọ́bù lò níbẹ̀ jẹ mọ́ ìdẹ, irú èyí tí wọ́n fi ń mú ẹja. Apẹja kì í ju ìwọ̀ lásán sómi, ekòló ló máa fi bò ó. Ẹja tó rí ekòló kò tíì kú. Èyí tó dúró tó ń yí i po ni ọ̀ràn ń bọ̀ wá bá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "expo". Pé o gbọ́ nípa rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ń béèrè pé "Èló ni?", o ti ń yí ìwọ̀ po nìyẹn.

Báwo la ṣe lè borí?

Àkọ́kọ́, ká múra sílẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù fi Ìwé Mímọ́ dáhùn, inú Diutarónómì sì ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ó ti mọ̀ ọ́n kí ebi tó pa á. Ẹni tí kò ṣíwèé títí di alẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la, òun ni "expo" máa tètè wọ̀ lójú.

Ìkejì, ká sá. Jósẹ́fù kò dúró bá ìyàwó Pọ́tífárì jiyàn. Ó fi aṣọ sílẹ̀ fún un, ó sá jáde (Jẹ́nẹ́sísì 39). 1 Kọ́ríńtì 10:13 ní Ọlọ́run máa ń pèsè ọ̀nà àbáyọ. Nígbà míì, ọ̀nà àbáyọ yẹn ò ju kó o jáde kúrò nínú gúrúùpù WhatsApp kan lọ.

Ìkẹta, ká gbàdúrà, ká sì sọ fún ẹni tó lè gbà wá nímọ̀ràn. Ìdánwò téèyàn ń dá jà ní kọ̀rọ̀ máa ń lágbára.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o: bíborí lè ná èèyàn ní nǹkan. Ẹ̀wọ̀n ni Jósẹ́fù kọ́kọ́ rí. Ẹni tó jíwèé lè gba A1, kí ìwọ gba C6. Bíbélì ò fi èyí pa mọ́ fún wa. Ohun tó sọ ni pé Ọlọ́run wà pẹ̀lú Jósẹ́fù nínú ẹ̀wọ̀n yẹn.

Ẹni tó ti ṣubú ńkọ́? Pétérù sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta, Jésù sì tún fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ (Jòhánù 21). Tá a bá jẹ́wọ́, Ọlọ́run ń dárí jì (1 Jòhánù 1:9). Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ lónìí kì í tọ́jú "expo" tọ̀la sínú fóònù.

Nítorí náà, ẹni tí Physics ń dà láàmú, kó sọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, kó má ṣe dá a mọ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ kàwé nísinsìnyí tí àkókò ṣì wà, kí ìwọ̀ yẹn má bàa rí wa mú.