Láti Ìdásẹ̀n dé Èkó Láìkánjú

Oòrùn kò tíì yọ dáadáa nígbà tí mo dé Ìdásẹ̀n, nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọyẹ́ ti bo ojú ọ̀run, èéfín igi ìdáná sì ń rìn lórí páànù àwọn ilé. Òórùn kòkó ló kọ́kọ́ pàdé mi, òórùn kíkan tó máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o kúrò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí wọ́n bò ó mọ́. Ìyá àgbà kan ti tẹ́ tirẹ̀ sórí tapólì lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi igi tú u ká díẹ̀díẹ̀, eruku pupa sì ti kùn ún dé ọrùn ẹsẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo wá bá. Hamburg ní Jámánì lọmọkùnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, ìsinmi ló gbé e wálé. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìwé àjákọ kan wà lórí itan rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o,” ló wí. “Lọ́hùn-ún, bí mo bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, mo máa ń wọ reluwé láti Hamburg lọ sí Munich. Ó tó 800 kìlómítà. Reluwé tó yára á gbé èèyàn débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ṣùgbọ́n èmi máa ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, màá sùn, màá rin ìlú wò. Mo fẹ́ ṣe irú ẹ̀ nílé.”

Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Ìdànrè, Oǹdó, Iléṣà, Ifẹ̀, Òṣogbo, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú-Òde, Èkó. Gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ìyá kò gbójú sókè kúrò lára kòkó rẹ̀. “Ìgbà wo lo fẹ́ jókòó níbẹ̀ nígbà náà?”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà. Oǹdó kọ́kọ́ kúrò, lẹ́yìn náà Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀bú-Òde. Abẹ́òkúta dùn ún gan-an, torí àpáta Olúmọ, ṣùgbọ́n ó fa ìlà lé e lórí. Iléṣà di ibi tí a ó ti jẹun ọ̀sán. A fi òfin kan kún un: àárọ̀ nìkan la ó máa wọkọ̀, torí ẹni tó mọ ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Àkúrẹ́ àti Àkúrẹ́ sí Iléṣà lóde òní kì í fi alẹ́ rìn ín. Láti Ọ̀wọ̀ dé Èkó kò tó 400 kìlómítà. Ẹni tó bá jáde ní ìdájí á dé Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú, bí ọ̀nà bá dára fún un. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀kadà gbé wa dé Ọ̀wọ̀. Ọjà Ọba ti gbóná nígbà tí a débẹ̀: ẹ̀rọ ìlọta ń pariwo, ẹnì kan ń fi gbohùngbohùn polówó àgbo, àwọn aláàárù ń kígbe “àgò, àgò!” bí wọ́n ti ń ti ọmọlanke la àárín èrò kọjá, òórùn irú àti ti ẹja gbígbẹ sì so mọ́ra tí wọn kò ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́. Ìtòsí ibẹ̀ ni ààfin Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, wà, pẹ̀lú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlá rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè.

A wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀. Ọdún 1968 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Inú rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí igi tó ti pẹ́, ariwo ọjà kò sì wọlé mọ́ bí a ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó mú wa káàkiri kò kánjú, a kò sì kán an lójú. Láàárín 1969 sí 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo hú ilẹ̀ ní Igbó’Lájà nínú ìlú yìí kan náà, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí ọjọ́ orí wọn lọ sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọwọ́ Ifẹ̀ hàn lára wọn, ọwọ́ Bìní hàn, síbẹ̀ Ọ̀wọ̀ ni wọ́n. Àwọn tó ń fín eyín erin níbí láyé àtijọ́ mọ iṣẹ́ débi pé iṣẹ́ wọn ti wọ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ní Yúróòpù. Ọmọ Ìdásẹ̀n dúró pẹ́ níbẹ̀. Ó ní òun dàgbà sí ìtòsí ibí yìí, òun kò sì wọ ibẹ̀ rí.

Oṣù Kẹsàn-án ló yẹ kí ẹni tó bá lè yan ìgbà wá, kó lè bá ọdún Igògo, tí wọ́n fi ń rántí Ọ̀rọ́nsẹ̀n, aya Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n. Wọn kì í lùlù nígbà ọdún náà. Agogo ni wọ́n ń lù, Ọlọ́wọ̀ fúnra rẹ̀ á sì di irun orí.

A sùn ní Ọ̀wọ̀. Ní àárọ̀, ní gáréèjì, a jókòó ti ọkọ̀ tó ń lọ sí Àkúrẹ́ títí tó fi kún. Obìnrin kan gbé búrẹ́dì wá sójú fèrèsé, ọmọ kan tẹ̀ lé e pẹ̀lú omi inú ọ̀rá, oníwàásù kan gbàdúrà fún táyà, ó gba owó, ó lọ. A kọjá Uso àti Ẹmùré-Ilé. Ní Ọ̀gbẹsẹ̀ ìyàrá ọkọ̀ dín kù, iṣu tó wà lẹ́bàá títì pọ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo àwọn tó ń tà á, iná sì ń jó lábẹ́ ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n tẹ́ sórí wáyà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn dá wa dúró, wọ́n wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ká máa lọ.

Láti Àkúrẹ́ a lọ sí Ìdànrè. Ibẹ̀ lara wa ti mọ ohun tí a bọ́ sí. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, òkúta dúró gbàǹgbà lọ́tùn-ún lósì, gbígbóná rẹ̀ sì ń gba inú bàtà wọlé. Ibi ìsinmi wà lójú àtẹ̀gùn, a jókòó ní gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ iléèwé sá kọjá lára wa, wọ́n tún sá padà, wọ́n kí wa, wọ́n rẹ́rìn-ín. Lókè ni ìlú àtijọ́ wà: ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́, iléèwé, ilé ẹjọ́. Àwọn èèyàn gbé níbẹ̀ títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀. Láti 2007 ni Ìdànrè ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá àgbáyé. Orí àkọsílẹ̀ yẹn ló ṣì wà.

Bí a bá ti ń kánjú ni, à bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán. A dúró di ìrọ̀lẹ́, títí tí ọyẹ́ fi ká díẹ̀ tí a sì rí òkè lẹ́yìn òkè, dúdú, lọ títí. Ọmọkùnrin náà ní òun kò rí irú ẹ̀ rí láàárín Hamburg àti Munich.

Iléṣà: iyán, ẹ̀fọ́, a tún ṣí. Ní Ifẹ̀ a wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọ̀ọ̀ni. Níwájú àwọn orí idẹ, mo sọ ohun tí ọmọ tó ń gbé Jámánì yẹ kó mọ̀. Ní 1910, ará Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ifẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ tó rí níbẹ̀ dára débi pé kò gbà pé aláwọ̀ dúdú ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis ni. Ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, àwọn orí idẹ jáde láti inú ilẹ̀ Ifẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun gba odindi ọ̀sán lọ́wọ́ wa. Ìgbóná ìlú parí sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òórùn ewé tútù àti ti ẹrẹ̀ etí odò gba ipò rẹ̀, àwọn ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, àwọn ère tí Susanne Wenger, ọmọ Austria tí Ọ̀ṣun gbà, mọ pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú náà sì ń yọjú láàárín igi. 75 hẹ́kítà ni igbó náà. UNESCO gbà á wọlé ní 2005. Obìnrin kan gbé kèrègbè bu omi, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. A yí ojú sí ibòmíràn.

Ìbàdàn la ti wọ reluwé lọ sí Èkó. Ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin àkọ́kọ́ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ti ìsinsìnyí, tó jẹ́ 157 kìlómítà, ni wọ́n ṣí ní oṣù Kẹfà 2021. Ìlà gùn ní ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà. Ẹrù ń gba inú ẹ̀rọ kọjá, ọmọ ń sunkún, ẹnì kan ń bá ẹni tó gba ààyè níwájú rẹ̀ jà. Nínú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ tútù. Ọ̀pẹ, oko ẹ̀gẹ́, àpáta, lẹ́yìn náà Abẹ́òkúta gba ojú fèrèsé, ọmọkùnrin náà sì ń wá Olúmọ kiri títí a fi kọjá. Kò pé wákàtí mẹ́ta tí a fi sọ̀ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta sínú ooru Èkó, fèrè dáńfó àti èéfín jẹnẹrétọ̀.

Kò sí ojú irin tó gba Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́ tàbí Iléṣà. Ọkọ̀ gáréèjì ló wà, àárọ̀ kùtùkùtù sì ni ìgbà tó dára láti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ rin ìrìn yìí, ẹ mú ìwé, ẹ kọ gbogbo ìlú tó wù yín, kí ẹ sì fa ìlà lórí ìdajì wọn kí ẹ tó kúrò nílé. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa ìlà lórí Ọ̀wọ̀.