Àṣìṣe gírámà Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn elédè Jámánì

Àṣìṣe gírámà Gẹ̀ẹ́sì láàárín àwọn elédè Jámánì ni àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí ẹni tí èdè Jámánì jẹ́ èdè abínibí rẹ̀ bá ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Inú ẹ̀ka ìwọ̀-oòrùn àwọn èdè Germanic ni èdè méjèèjì wà. Ìbátan yìí ń mú kí ẹ̀kọ́ náà yá, ṣùgbọ́n òun náà ni ó ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ: nítorí pé ọ̀rọ̀ jọra, ó rò pé òfin náà jọra.

Àsìkò ọ̀rọ̀-ìṣe

Bí ohun kan bá ti bẹ̀rẹ̀ tí kò sì tíì parí, elédè Jámánì a fi "seit" àti ọ̀rọ̀-ìṣe àsìkò ìsinsìnyí sọ ọ́. Nítorí náà, a máa wí pé "I live here since five years" dípò "I have lived here for five years". Bákan náà, "Ich habe ihn gestern gesehen" tọ̀nà ní èdè Jámánì, ṣùgbọ́n "I have seen him yesterday" kò tọ̀nà ní Gẹ̀ẹ́sì. "I saw him yesterday" ni ó yẹ, nítorí pé a ti dárúkọ ọjọ́ tí ó ti kọjá.

Ètò gbólóhùn

Nínú gbólóhùn tí kì í ṣe ìbéèrè tàbí àṣẹ, ipò kejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe máa ń wà ní èdè Jámánì. Bí ọ̀rọ̀ àkókò bá ṣíwájú, olùwà yóò bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. Èyí ni ó ń bí "Yesterday went I home" dípò "Yesterday I went home".

Ọ̀rọ̀-orúkọ àti ọ̀rọ̀-àpọ́nlé

"Informationen" jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ní èdè Jámánì, ṣùgbọ́n a kì í sọ "informations" ní Gẹ̀ẹ́sì. "Gut" sì ń ṣe iṣẹ́ "good" àti "well" pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ "She sings good".

Ọ̀rọ̀-atọ́kùn

"Bis" kan ṣoṣo ni èdè Jámánì ń lò níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ya "until" sọ́tọ̀ kúrò lára "by". Àṣìṣe yìí lè da iṣẹ́ rú. Ẹni tí ó kọ "I need the report until Friday" fẹ́ kí ìwé náà dé ọwọ́ òun, ó pẹ́ tán, ní ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tí ó kà á yóò rò ni pé, lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, kò nílò rẹ̀ mọ́.

Àtúnṣe

Àwọn àṣìṣe wọ̀nyí kì í ṣe àmì àìmọ̀kan. Òfin èdè abínibí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń tẹ̀lé níbi tí kò ti bá a mu. Bí ó bá ń gbé gbólóhùn èdè méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, yóò tètè rí ibi tí ọ̀nà wọn ti yà.