Wọ́n Wó Ilé Sókà, Wọn Ò Dárúkọ Òkú

Bí èèyàn bá dúró ní ọ̀nà Ìmàlẹ̀fàlàfíà, l'Ókè-Àdó, láàárọ̀ kùtù, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí àwọn tó máa ń ka ìwé ìròyìn láì rà á. Wọ́n á yí tábìlì olùtà ká, wọ́n á na ọrùn wo àkọlé, wọ́n á sì máa jiyàn lórí òṣèlú àti bọ́ọ̀lù. Ọ̀nà yìí ni ilé iṣẹ́ Tribune wà, ìwé ìròyìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1949. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn mi. Bí èèyàn bá di àwátì n'Ìbàdàn, tí ẹbí rẹ̀ ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n ti yí àwọn ilé ìwòsàn ká, tí wọ́n ti mọ́kàn le wọ mọ́ṣúárì wò, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti ilé iṣẹ́ rédíò ló kù tí wọ́n máa ń gbé fọ́tò rẹ̀ lọ.

Sókà ni mò ń lọ, ibi tí wọ́n ti rí àwọn èèyàn tí ajínigbé so mọ́lẹ̀ nínú igbó lọ́dún 2014. Mo gba inú ọjà Òkè-Àdó kọjá, mo sì dúró ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá àgbà kan. Mo kí i kú ọjà, mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un.

"Sókà wo? Sókà tí wọ́n ti rí àwọn èèyàn yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ọmọ mi, kí lo ń wá lọ síbẹ̀? Wọ́n mà ti wó o."

Ó bá mi di ẹ̀kọ mi, ó ní lọ́dún tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, kò sí ọmọ tó dá gun ọ̀kadà nínú ilé òun títí ọdún fi parí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí oníbàárà mìíràn.

Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ring Road, mo sì forí lé Challenge. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa apá ibẹ̀: báńkì, ilé epo, ṣọ́ọ̀bù aṣọ, àwọn takisí Máíkírà tó ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgboro ni, ojú pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣubú lójú ọ̀nà ní Challenge, ogún èèyàn á ti pé lé e lórí kó tó mí kanlẹ̀. Láti Challenge ni mo ti wọ mọ́tò gba ọ̀nà Níú Gáréèjì, ọ̀nà tó jáde sí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ó yẹ kí ẹni tí kì í ṣe ará Ìbàdàn mọ bí ìlú náà ṣe tò. Ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá ló wà n'Ìbàdàn. Márùn-ún nínú wọn ló wà nínú ìgboro, Òkè-Àdó sì wà lára èyí tí à ń pè ní Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn. Mẹ́fà tó kù, Olúyọ̀lé, Akínyẹlé, Ìdó, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọnà-Àrà, ló yí ìgboro ká, abúlé àti oko ló pọ̀ jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. Ibẹ̀ náà ni ilẹ̀ ti ṣì wà láti tà, tí àwọn ará ìgboro ń ra pulọ́ọ̀tì, tí wọ́n ń kọ́lé dé òrùlé tí wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igbó á hù bo ilé, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ẹni tó ń sùn sínú rẹ̀. Olúyọ̀lé ni Sókà wà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1978 ni ìjọba ológun Ọbásanjọ́ ṣí òpópónà márosẹ̀ yìí. Iṣẹ́ ọ̀nà ńlá bẹ́ẹ̀ máa ń fi àwọn ilé kan sílẹ̀ lẹ́yìn: ibi tí wọ́n ń kó irinṣẹ́ sí, ibi tí òṣìṣẹ́ ń sùn. Irú ilé bẹ́ẹ̀, tí agbaṣẹ́ṣe ti pa tì, ló wà nínú igbó Sókà. Ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà lójoojúmọ́ kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ariwo àwọn tírélà ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sì ń gbọ́ ọ títí mo fi rìn wọlé dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ìrìn náà. Àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ yóò ti máa gbọ́ ìró mọ́tò àwọn tó ń lọ sí Èkó, tọ̀sán-tòru.

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 2014, ni àṣírí tú. Àwọn ọlọ́kadà ló tú u. Ẹlẹgbẹ́ wọn di àwátì, wọn kò sì jókòó dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n kóra jọ, wọ́n wọgbó lọ. Wọ́n bá àwọn èèyàn níbẹ̀ tí ebi ti sọ di egungun lásán, àwọn kan nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n bá agbárí àti òkú tó ti ń jẹrà. Wọ́n tún bá òkìtì aṣọ, bàtà, báàgì obìnrin, àti àwọn ìwé ìdánimọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti rọ́ lọ síbẹ̀. Àwọn kan lọ wòran. Àwọn mìíràn gbé fọ́tò ọmọ wọn, ọkọ wọn, àbúrò wọn lọ́wọ́, wọ́n ń tú aṣọ wò ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá wọ́n á rí èyí tí wọ́n mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àwọn ẹrù yẹn díẹ̀. Bàtà tó ti gbó ní gìgísẹ̀ lápá kan, ìyàwó ẹni tó ni ín lè dá a mọ̀. Aṣọ tí télọ̀ rán, télọ̀ á mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ìwé ìdánimọ̀ ní orúkọ, ó ní fọ́tò. Eyín inú agbárí, dókítà eyín lè wò ó, kó fi wé ìwé tí ó kọ nígbà tó tọ́jú olúwarẹ̀. Egungun fúnra rẹ̀, àyẹ̀wò DNA lè fi hàn pé ọmọ ìyá báyìí ni. Gbogbo ohun tí a fi ń mọ òkú ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó yẹ ni kí wọ́n fi okùn yí gbogbo ilẹ̀ yẹn ká, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ẹrù kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kó o síbi kan tí àwọn ẹbí lè wá wò ó ní ẹ̀lẹ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹnikẹ́ni tí èèyàn rẹ̀ sọnù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Èrò tẹ gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́pàá yin tajútajú láti tú wọn ká. Ọlọ́pàá mú àwọn ọkùnrin mélòó kan tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì gbé àwọn tó ṣì ń mí lọ sílé ìwòsàn. Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi wá fojú ara rẹ̀ rí i. Láìpẹ́, ìjọba gbé katakata wọlé, wọ́n wó àwọn ilé náà palẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn sí i nígbà náà, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ilé ibi ni, ta ni yóò fẹ́ kó dúró? Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni ilé yẹn pẹ̀lú. Ẹni tí ó wó o kò tíì sọ fún wa àwọn tó kú sínú rẹ̀.

Ìbínú tí kò rí gbogbo ọ̀daràn mú ń wá ẹlòmíràn tí yóò bọ́ lé lórí. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn èèyàn fún wèrè tó wà lójú títì. Wọ́n ní ajínigbé ló wọ akísà. Àwọn èrò lu irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ pa. Àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé, tí kò ní ẹbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tó ṣeé ṣe kí irú wọn wà lára àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní Sókà, àwọn náà ni wọ́n tún ń pa ní ìgboro nítorí Sókà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé Nàìjíríà kò ní ohun èlò láti mọ òkú tó ti jẹrà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ òfuurufú Dana já lulẹ̀ ní Ìjú-Ìṣàgá, l'Ékòó. Gbogbo àwọn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú àwọn kan tó wà nílẹ̀, iná sì jó ọ̀pọ̀ wọn débi tí ojú kò lè dá wọn mọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn dókítà onímọ̀ òkú jọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Ọbáfúnwá sì ṣe aṣáájú wọn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ẹbí, wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún àyẹ̀wò DNA, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ òkú padà fún ẹbí wọn. Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Sókà ṣẹlẹ̀, ọ̀nà tí a máa ń gbà ṣe é kò sì tíì di ìgbàgbé. Ìyàtọ̀ tí mo rí ni pé àwọn tó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní ìwé tí orúkọ wọn wà. Àwọn tó gun ọ̀kadà lọ sóko, àwọn tó dúró wọ mọ́tò nírọ̀lẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀.

Mo rìn yí Sókà ká. Ilé ti kún ibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ. N kò rí pátákó kan tí wọ́n kọ orúkọ òkú sí.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn Sókà, ní apá kejì Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Akínyẹlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2020, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ọmọ ọdún 18. Ní ọjọ́ karùn-ún, aboyún. Ní ọjọ́ 13, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin mìíràn. Ọmọdékùnrin ọmọ ọdún márùn-ún wà lára wọn pẹ̀lú. Àwọn abúlé kéékèèké ni, ilé àti oko fara kanra, ẹni tó ń pa wọn sì ń wọlé bá wọn. Nínú oṣù keje, ọlọ́pàá fi ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan hàn gẹ́gẹ́ bí afurasí, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní babaláwo kan ló ń rán òun, pé 500 náírà àti oúnjẹ ni wọ́n ń fún òun. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ, ó sá mọ́ ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní àgọ́ Mọ́kọ́lá, nínú ìgboro. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni wọ́n tó rí i mú ní Bódìjà. Ẹ fojú inú wo bí àwọn ará abúlé Akínyẹlé ṣe sùn láàárín ọjọ́ méjìlá yẹn.

Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ Akínyẹlé sàn ju ti Sókà lọ ní ọ̀nà kan: wọ́n rí òkú, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́, ẹbí sin ín. Àwọn àgbà wa ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò sì dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kò lè sunkún tán. Kò lè ṣe àdúrà ogójì ọjọ́, kò lè pín ẹrù. Aya kò mọ̀ bóyá opó lòun. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní a lè kà á sí pé ẹni tí a kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún méje ti kú. Ọdún 2021 ni ọdún méje Sókà pé. Òfin lè gbà pé èèyàn ti kú, ìyá ò ní tìtorí ìyẹn yọ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ní ọdún 2022, Ẹgbẹ́ Alágbèélébùú Pupa Àgbáyé sọ pé ó lé ní 25,000 ènìyàn tó sọnù ní Nàìjíríà tí ẹbí wọn fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ó sì lé ní 14,000 nínú wọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n sọnù. Ogun apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà ló fa èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n mọ iye yẹn nítorí pé ẹnì kan jókòó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò ju kí ó kọ nǹkan sílẹ̀ lọ. Kí ó tẹ àkọsílẹ̀ ohun tí ọlọ́pàá rí ní Sókà jáde: iye òkú, ibi tí wọ́n sin wọ́n sí, ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó pe àwọn ẹbí tó ṣì ń wá èèyàn wọn, kó gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, kó sì fi pamọ́. Kí olúkúlùkù ìjọba ìbílẹ̀ mọ́kànlá náà ní ìwé kan tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó sọnù sí, bíi ti ìwé ìbí, kí alága sì máa kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn baálẹ̀ lóṣooṣù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí èèyàn yín bá jáde tí kò wọlé, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ mú fọ́tò tuntun dání, ẹ sọ aṣọ àti bàtà tó wọ̀, ilà tàbí àpá ara rẹ̀, eyín tó yọ, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n kọ ẹjọ́ náà sí, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Bí ilé àpatì bá wà ládùúgbò yín, l'Ókè-Àdó ni tàbí lábúlé, ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ lọ wo inú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí.