Ìwé nìkan kò tó fún ọmọ tó ń lọ sókè òkun

Ẹ̀yin èèyàn wa, oṣù Kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń wọlé. Bí àkókò náà bá ti ń sún mọ́lé, a ó máa gbọ́ pé ọmọ lágbájá ń lọ. Àwọn òbí á wá owó ilé-ìwé, wọ́n á gba físà, wọ́n á ra aṣọ òtútù, wọ́n á di ẹ̀lùbọ́ àti gààrí. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kì í rí dì sínú àpótí, òun ló sì ń gbé ọmọ ró nígbà tí gààrí bá tán. Ohun náà ni ọgbọ́n mímọ inú ara ẹni àti inú ẹlòmíràn.

Ọdún 1990 ni onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Peter Salovey àti John Mayer, kọ̀wé lórí ọgbọ́n yìí. Ìwé tí Daniel Goleman ṣe jáde lọ́dún 1995 ló wá jẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí èèyàn mọ ìgbà tí ìbínú, ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ bá dé sí òun, kó lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kó sì mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí wa. Ṣebí sùúrù ni baba ìwà.

Oṣù àkọ́kọ́ lókè òkun máa ń dùn. Lẹ́yìn náà ni òtútù á dé. Nínú oṣù Kejìlá, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni oòrùn ti ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání lọ síbẹ̀ mọ́, àfi àwọn tó ń ṣe ìwádìí ìjìnlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló wá ń dá gbé.

Báyìí là ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Ọmọ tí a kọ́ pé kó má wo àgbà lójú, olùkọ́ rẹ̀ lè rò pé ó ń fi nǹkan pa mọ́. Èyí tó dákẹ́ ní kíláàsì nítorí ọ̀wọ̀, wọ́n lè ní kò kàwé wá. Ọmọ tó ní ọgbọ́n inú kò ní tètè bínú, á bi ara rẹ̀ pé, "Kí ni wọ́n ní lọ́kàn?" Á sì béèrè.

Àwa tí a wà ní Kánò, Kàdúná àti Jọ́ọ̀s mọ èyí dáadáa. Àwọn òbí wa tó kọ́kọ́ dé Òkè Ọya wo bí onílé ṣe ń kí ara wọn, wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá wà. Ohun tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù náà nìyẹn, nígbà tí wọ́n dá WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, sílẹ̀ lọ́dún 1925. Nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í gba aláwọ̀ dúdú, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé ibùgbé tirẹ̀ lọ́dún 1933.

Ọ̀rọ̀ wá kan àwa òbí. Lẹ́yìn tí náírà já wálẹ̀ lọ́dún 2023, owó ilé-ìwé di ẹrù ńlá. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ sì ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi ṣiṣẹ́ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Síbẹ̀, bí ọmọ bá pè, ohun tí a ń bi í ni pé, "Ìgbà wo lo máa fowó ránṣẹ́?" Ọmọ tí kò rí oorun sùn á dáhùn pé, "Mo wà dáadáa, Mọ́mì." Ìtìjú ló ń jẹ́ kó purọ́, irọ́ náà sì lè pa á lára.

Ẹ jẹ́ ká yí ìbéèrè padà: "Ṣé o jẹun? Ṣé o ń sùn? Ta lo bá sọ̀rọ̀ lónìí?" Kó tó lọ, ẹ sọ fún un pé kó wá ẹgbẹ́ tó dára, àti pé àwọn yunifásítì ibẹ̀ ní olùdámọ̀ràn tí kì í gbowó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó lọ bá wọn kì í ṣe wèrè. Ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá sunkún sí wa létí, a kò ní fi ọmọ ẹlòmíràn wé e. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.