Bí A Ṣe Lè Ṣọ́ Iná Lò Nínú Ilé Wa ní Èkó

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Mushin, Yaba tàbí Surulere mọ̀ pé iná mànàmáná kì í ṣe ohun tí a ń fi ṣòfò. Bí iná bá ti lọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ ni yóò gba àdúgbò kan, èéfín rẹ̀ yóò sì máa wọlé bá ọmọ tí ń kàwé. Ní oṣù karùn-ún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù. Ní oṣù kẹrin 2024, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, sọ owó yúnìítì kan di náírà 225 fún àwọn tí wọ́n pè ní Ìpele A. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń béèrè bí wọn yóò ṣe rí owó iná san. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dáhùn: kí ni ilé wa ń fi iná náà ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó rọrùn jù. Gílóòbù àtijọ́, tí ó ní wáyà tín-ín-rín nínú, ń sọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná tí ó ń jẹ di ooru; ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ó ń mú jáde. Gílóòbù LED oní-wáàtì 9 ń tàn tó ti àtijọ́ oní-wáàtì 60. Bí a bá tan mẹ́fà nínú ti àtijọ́ fún wákàtí 5 lójúmọ́, wọn yóò jẹ yúnìítì 54 ní ọgbọ̀n ọjọ́. LED mẹ́fà yóò jẹ yúnìítì 8 àti díẹ̀. Ní iye owó oṣù kẹrin 2024 tí a sọ yìí, náírà 12,150 ni ti àkọ́kọ́. Ti èkejì kò sì pé náírà 1,850.

Ṣùgbọ́n gílóòbù kọ́ ni olórí olè tí ń jí owó wa, ooru ni. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré kan lè jẹ iná tó ti fáànù mẹ́wàá. Kì í sì ṣe òtútù ni ó ń dá sílẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ti ń rò. Ooru inú yàrá ni ó ń kó dà síta. Bí ooru mìíràn bá ń gba òrùlé, ògiri àti abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, ẹ̀rọ náà kò ní sinmi. Ẹni tí ń lò ó nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, tí kò sì dí ihò tí omi ń gbà wọlé.

Níbo ni ooru náà ti ń wá? Èkó kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà oòrùn ọ̀sán a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí wa, òrùlé ni ó sì ń gbà á. Ní òwúrọ̀ yóò mú ògiri ìhà ìlà-oòrùn. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò mú ti ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí ilé tí ó fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn kọ sí àríwá àti gúúsù fi ń tutù ju èyí tí ó fi í kọjú sí oòrùn lọ.

Àwọn tí ó kọ́lé ṣáájú wa kò gbàgbé èyí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Yorùbá àtijọ́ ń dáàbò bo ògiri lọ́wọ́ oòrùn. Nígbà tí Maxwell Fry àti Jane Drew ya àwòrán àwọn ilé University College ní Ìbàdàn, wọ́n ṣe ilé náà ní tẹ́ẹ́rẹ́ kí atẹ́gùn lè là á já, wọ́n sì fi ara oníhò yí ilé ìkàwé ká, èyí tí ó ń dí oòrùn tí kò sì dí atẹ́gùn. Wọ́n kọ ọgbọ́n náà sínú ìwé ní 1956. Títí di òní, a ṣì ń rí ilé ìgbà náà ní Yaba àti Surulere, tí etí òrùlé wọn yọ síta, tí gíláàsì fèrèsé wọn jẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí ó ń ṣí sílẹ̀ tán pátápátá.

Ọ̀pọ̀ ilé tuntun kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ògiri ọgbà. Etí òrùlé wọn kúrú. Fèrèsé tí a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kì í ṣí ju ìdajì lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn fi gíláàsì bo ojú láti òkè délẹ̀: oòrùn ń gbà á wọlé, ooru kò sì rí ọ̀nà jáde. Ní 2017 ni ìjọba àpapọ̀ gbé òfin ìlànà jáde lórí ṣíṣọ́ iná lò nínú ilé kíkọ́, èyí tí ó sọ̀rọ̀ lórí fèrèsé, òrùlé, gílóòbù àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ onílé àti ayálégbé ni iṣẹ́ kù sí.

Kí onílé kun òrùlé rẹ̀ ní funfun, kí ó ṣe àjà sábẹ́ páánù, kí ó sì ta ìbòòji sókè fèrèsé ìwọ̀-oòrùn. Kí ayálégbé pa fáànù bí ó bá ń jáde, nítorí ara ènìyàn ni fáànù ń tù, kì í mú yàrá tutù. Kí ó fi bébà há ẹnu ìlẹ̀kùn ẹ̀rọ amómitutù: bí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú, òtútù sì ń jáde. Kí oníṣòwò má ṣe ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí àwọn ọmọ ka mítà ilé wọn ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti mọ iye tí ilé bàbá rẹ̀ ń jẹ kò ní kọ́ ilé ti ara rẹ̀ ní àkọ́fojúfò.