Ọ̀rọ̀ àná kò jẹ́ kó ráyè kàwé: Àìsàn ni o, kì í ṣe èpè!

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ NOUN, yunifásítì tí ìjọba tún ṣí lọ́dún 2002, ló jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti ń kàwé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bá àwọn kan. Wọn ò tíì ka ojú ewé kan tán tí ọkàn wọn á ti sá padà sẹ́yìn: 'Ọjọ́ yẹn, ṣé mi ò ṣẹ lágbájá báyìí?' Wọ́n á rò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n á pe ọ̀rẹ́ kó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Kò ní pẹ́, ó tún dé. Ìdánwò sì ń bọ̀!

OCD ni àwọn dókítà ń pè é. Ẹ gbọ́ o, ìwádìí yẹn gan-an ló ń bọ́ àìsàn náà: béèyàn bá ṣe ń wádìí tó ni iyèméjì ń pọ̀ sí i.

Bó bá dé, ẹ má bá a jà, ẹ má sì dá a lóhùn. Ẹ sọ pé, 'Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè má rí bẹ́ẹ̀,' kẹ́ ẹ padà sídìí ìwé yín. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ yéé dáhùn ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Bó bá le jù, ọsibítù Árò l'Abẹ́òkúta, tó ti wà láti 1954, ń tọ́jú irú ẹ̀. Oògùn ẹ̀ wà, àmọ́ ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́.